Ta Ló Fi Owó Sí Àkáǹtì Màmá?

Ìyá kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn, aláṣọ ni ní Gbági, lọ gba owó ní báńkì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní, "Màmá, wọ́n ti ti àkáǹtì yín pa." Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fowó ránṣẹ́. Ó kó pọ́n-ùn fún ọkùnrin kan ní Peckham, ọkùnrin náà sì ní kí ẹnì kan níbí fi náírà sí àkáǹtì Màmá. Orúkọ tó jáde lórí àlẹ́ẹ̀tì, Màmá ò gbọ́ ọ rí. Àṣé owó tí wọ́n fi jìbìtì gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì ni. Olówó fẹjọ́ sùn, báńkì sì tọpa owó náà dé ilé aláṣọ.

N ò ní bú ọmọ yẹn. Ìjọba ló fi ọ̀nà ẹ̀yìn hàn wá. Ní ìparí oṣù kọkànlá 2020, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé dọ́là ni kí wọ́n máa san fún ẹni tí wọ́n bá fowó ránṣẹ́ sí láti òkè òkun. Ní oṣù kẹta 2021, wọ́n ní àwọn yóò máa fi náírà 5 ṣe èènì lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Èènì, bí ẹni ra gààrí! Ní oṣù keje 2023, wọ́n ní ẹni tó bá wù lè gba náírà. Bí 2024 ṣe wọlé, ó di náírà nìkan. Kó tó di oṣù kẹfà 2023, dọ́là tó ń lọ bíi náírà 460 ní báńkì ti lé ní 700 lọ́dọ̀ àwọn abókí. Ta ni yóò wá jẹ́ kí ìyá rẹ̀ di dọ́là mọ́ ìró lọ sí Sábó lọ ṣẹ́ ẹ, nígbà tí ará Peckham lè fi náírà ránṣẹ́ kí omi ọbẹ̀ tó hó?

Àlàfo yẹn ti dín kù gan-an báyìí, kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ kó sí wàhálà mọ́. Ẹ gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ afowóránṣẹ́ tó níwèé àṣẹ. (Mo mọ̀ pé wọn yóò béèrè orúkọ Màmá bó ṣe wà nínú BVN, ọ̀pọ̀ yín yóò sì kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n láago.)

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin báńkì náà: bí náírà 150,000 bá lẹ́jọ́ nínú, ẹ dá náírà 150,000 dúró. Kí ló kan owó aṣọ tí ìyá tà?

Báńkì ní kí Màmá kọ lẹ́tà, ó ní kí n bá òun kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tó ń béèrè ohun tí ẹni tó sanwó jẹ́ sí Màmá. Mo kọ "ọmọ", mo pa á rẹ́.