Àwọ̀ Rímù Kì Í Mú Ọkọ̀ Sáré

Ẹ̀sùn kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí ń fi àwọn ọmọ wọn sùn lóde òní: pé ọmọ a jókòó fún odindi wákàtí kan sí iwájú amóhùnmáwòrán, kò ní í sá ìje kankan, àwọ̀ rímù ọkọ̀ inú géèmù ni yóò máa yàn. Wọ́n ní ìranù ni. Èrò tèmi ni pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, bí òbí bá lè jókòó ti ọmọ láti fi í hàn án.

Ẹ jẹ́ kí a wo Gran Turismo, géèmù ìje ọkọ̀ tí Kazunori Yamauchi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé jáde ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1997. Nínú ẹ̀dà karùn-ún rẹ̀, tí ó jáde ní 2010, ọmọ kì í ṣàdédé rí ọ̀dà lò. Bí ó bá ra ọkọ̀, tàbí tí ó fi ìje gba ọkọ̀, nígbà náà ni yóò rí ọ̀dà tí ó bá àwọ̀ ọkọ̀ náà mu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì lè lò ó. Bí ó bá fi kun rímù ọkọ̀ kan lónìí, kò sí i mọ́ fún ọkọ̀ tí yóò wù ú jù lọ́la. Ọmọ tí ó rò ó lọ, tí ó rò ó bọ̀, kí ó tó kun rímù rẹ̀, ìṣúná ni ó ń kọ́.

Àwa náà kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agolo mílíìkì ni a fi ṣe ọkọ̀ tiwa, sílípáàsì tí ó ti gbó ni a gé ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì wá ṣọ́ọ̀kì tàbí èédú kùn ún kí tiwa lè yàtọ̀ sí ti ọmọ aládùúgbò.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí òbí gbọ́dọ̀ ti là á mọ́lẹ̀ fún ọmọ: àwọ̀ rímù kì í mú ọkọ̀ sáré. Ẹ́ńjìnnì, táyà, ìwúwo ọkọ̀ àti ọwọ́ awakọ̀ ni ó ń ṣe é. Ní 2011, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ Britain, Jann Mardenborough, gba ipò kìíní nínú GT Academy, ìdíje tí Nissan àti PlayStation fi ń wá awakọ̀ láàárín àwọn tí ń ta géèmù yìí. Nígbà tí ó di 2013, ó ti ń wa ọkọ̀ gidi nínú ìje oníwákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀dà kọ́ ni ó gbé e débẹ̀. Ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a tẹ bíréèkì, ó sì mọ bí a ti ń gba kọ́nà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn fa wáyà yọ pẹ̀lú ìbínú. Ẹ fi gbèdéke sí àkókò eré, kí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé, “Kí ló dé tí o fi yan àwọ̀ yìí?” Bí ó bá ti dáhùn, ẹ ní, “Ó dára. Wá wà á kí n rí i.” Ìbéèrè kejì yìí ni yóò kọ́ ọ pé ẹwà dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni a fi ń mọ ẹni tó lè dé òpin ìje.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ pẹ̀lú, bí a bá ń dáwó kun ògiri ilé-ẹ̀kọ́ wa fún àjọ̀dún, ẹ jẹ́ kí a rántí ilé ìkàwé àti yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà.