Òfin Owó Oṣù Kò Dé Ọ̀dọ̀ Àǹtí Jẹ́lé-ó-sinmi

Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000. Èkó fi kún tirẹ̀, ó di ₦85,000; Ọ̀yọ́ ní ₦80,000 ni àwọn yóò san. Inú òṣìṣẹ́ dùn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ti wà nínú òfin náà láti ọdún 2019, wọn kò sì fọwọ́ kàn án nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe: ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25, òfin kò mú un.

Ẹ lọ ka iye tíṣà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò yín. Ẹ ka obìnrin tó ń gbálẹ̀ àti bàbá tó ń ṣọ́ géètì mọ́ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ mélòó ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò pé 25? Ohun tí èyí já sí ni pé àwọn tí à ń fa ọmọ ọdún méjì, ọmọ ọdún mẹ́ta lé lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ wà lára àwọn tí agbanisíṣẹ́ lè san iyekíye fún láìrú òfin. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gba ìdajì ₦70,000 yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n pa àyè yìí dé mọ́ gbogbo ilé ẹ̀kọ́, kékeré àti ńlá.

Kí ẹni tó bá rò pé eré lásán ni iṣẹ́ yìí lọ jókòó sí kíláàsì wọn láti aago méje òwúrọ̀. Àǹtí gbọ́dọ̀ ti dé kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé. Ọmọ kan ń sunkún ìyá rẹ̀, òmíràn ti tọ̀ sára, ẹ̀kẹta kọ oúnjẹ, ara ẹ̀kẹrin ṣàdéédéé gbóná. Láàárín gbogbo èyí ni yóò ti máa kọrin, tí yóò máa kọ́ wọn ní A, B, D, tí yóò máa di ọwọ́ kéékèèké mú kí wọ́n lè kọ nọ́ńbà. Ìyá tó ń tajà ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn lè má tètè rí ààyè wá gbé ọmọ rẹ̀; Àǹtí ni yóò dúró tì í. Bí Àǹtí fúnra rẹ̀ bá pẹ́ dé lọ́jọ́ kan, wọ́n á gé nínú owó rẹ̀. Tí ọlidé gígùn bá sì dé, àwọn kan ń gba ìdajì owó oṣù, ọ̀pọ̀ ni kì í gba kọ́bọ̀. Ebi kì í sì í dáwọ́ dúró nínú oṣù Kẹjọ.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lọ. Òmíràn lọ ń ṣe POS, òmíràn padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹni tó rí ọ̀nà lọ sókè òkun. Ó sì lè jẹ́ àárín sáà ni yóò lọ, nígbà tí ọmọ ti mọ ohùn rẹ̀, tó ti ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí Àǹtí mẹ́ta ti kọjá lórí rẹ̀ láàárín ọdún kan kò ní tètè fọkàn tán ẹ̀kẹrin. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, nítorí pé ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í lè kẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀; ìyá àgbà ló ń tọ́jú àwọn àbúrò wọn nílé. Lónìí, ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti ọdún 2013 ti sọ ọdún kan ṣáájú prámárì di dandan. Ó tún ní kí ọmọ tó wà lọ́wọ́ tíṣà kan ní jẹ́lé-ó-sinmi má ju 25 lọ. Ta ni yóò wá kọ́ wọn? Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, tíṣà tó kẹ́kọ̀ọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ àgbà ni wọ́n ń tì sí kíláàsì náà, tàbí ọmọbìnrin kan tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ń dáwó fún. Lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti ọdún 2004, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké wọ̀nyí. Owó náà kì í sì í ṣe fún owó oṣù. A lè fi kọ́lé, ká fi kun ògiri, ká fi ra àga, ṣùgbọ́n a kò lè fi san owó ẹni tí yóò dúró nínú kíláàsì.

Kò yẹ ká di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan wò. Ká ní ọmọ 60 ló wà níbẹ̀, tí òbí kọ̀ọ̀kan ń san ₦30,000 ní sáà kan: ₦1,800,000 nìyẹn. Tíṣà mẹ́rin tó ń gba ₦70,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́rin tí sáà àti ọlidé rẹ̀ ń gbà, yóò kó ₦1,120,000 lọ. Nínú ₦680,000 tó kù ni owó ilé wà, owó omi, owó iná, àti oríṣiríṣi owó tí ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn tí gbogbo òbí bá san, wọn kì í sì í san tán. Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, gbèsè tí a bá jẹ ilé ẹ̀kọ́, owó oṣù Àǹtí ló kọ́kọ́ ń pa lára.

Nítorí náà, ìjọba ìpínlẹ̀ ní ipa tirẹ̀. Àwọn alábẹ̀wò ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ máa ń yẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọgbà wò kí wọ́n tó fún ilé ẹ̀kọ́ ní ìwé àṣẹ. Kí wọ́n máa yẹ ìwé owó oṣù wò pẹ̀lú, ti oṣù ọlidé náà. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń san ₦70,000 ó kéré tán, kí ìjọba dín owó tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kù, kó tó di pé òfin àpapọ̀ yí padà.

Òfin ti ọdún 2024 ní kí wọ́n máa tún owó oṣù náà yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ọdún 2027 ni èyí tó kàn sì bọ́ sí. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC bá jókòó pẹ̀lú ìjọba àti àwọn agbanisíṣẹ́, kí wọ́n má ṣe dúnàádúrà lórí iye owó nìkan. Kí wọ́n béèrè pé kí gbólóhùn òṣìṣẹ́ 25 yẹn má kan ilé ẹ̀kọ́ mọ́.