Àtẹ̀jáde Lẹ́yìn Ìpàdé Àwọn Òṣìṣẹ́ Sólà: “Fún Ìgbà Díẹ̀” Ti Pẹ́ Jù

Àwa òṣìṣẹ́ tó ń ta sólà, tó ń so ó mọ́ òrùlé, tó sì ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà ní Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́, pé jọ sí Ìbàdàn láti jíròrò lórí bí àwọn ilé-iṣẹ́ wa ṣe ń darí iṣẹ́ láti ìgbà tí àrùn kòrónà ti rọlẹ̀. Ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí nìyí.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí onílé gbélé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ọjà láti Ṣáínà ò wọlé déédéé mọ́, àwọn ọ̀gá sì bẹ̀ wá pé ká fara dà á. Wọ́n gé owó oṣù, wọ́n dín èèyàn kù nínú mọ́tò iṣẹ́, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. A gbà, a ò sì kábàámọ̀. Ilé ìwòsàn ń fẹ́ iná lásìkò yẹn ju ti ìgbàkígbà lọ.

Ọjà ti yàtọ̀ báyìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, tí owó iná Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù lójúmọ́, sì fò dé náírà 225 lórí kílówáàtì-wákàtí kọ̀ọ̀kan ní oṣù Kẹrin 2024, ẹni tó ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń wá sólà kiri. A mọ̀ pé dọ́là ni wọ́n fi ń ra páńẹ́ẹ̀lì, a sì mọ ohun tí ojú náírà ti rí. Ṣùgbọ́n dọ́là kọ́ ló ní kí èèyàn méjì máa ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́rin.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Kí kòrónà tó dé, ẹni mẹ́rin ló sábà máa ń lọ so sólà: méjì lórí páànù, ọ̀kan nídìí àkàbà, ọ̀kan nídìí ínfátà. Wọ́n dín wa kù sí méjì ká má baà kó àrùn ran ara wa. Àrùn rọlẹ̀, a ò kúrò ní méjì. Ẹnì kan wà lókè, èkejì wà nínú yàrá, kò sẹ́ni tó di àkàbà mú. Bẹ́ẹ̀, páńẹ́ẹ̀lì ò ṣeé pa bí iná yàrá: níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ti ń ràn sí i, iná wà nínú rẹ̀. Bí a bá so mẹ́wàá tẹ̀lé ara wọn, iná ẹnu wáyà wọn lè tó 400 fóòlù. Ẹni tó bá gbá mú lórí òrùlé lè já bọ́ kí ẹni tó wà nínú ilé tó gbọ́ ohunkóhun. (Inú wa máa dùn bí ọ̀gá kan bá lè bá wa gun páànù ní agogo méjì ọ̀sán nínú oṣù Kẹta.) Alábòójútó tó máa ń wá wo iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ò wá mọ́, àwòrán orí WhatsApp ló fi ń yẹ iṣẹ́ wò, àwòrán ò sì lè sọ bóyá nọ́ọ̀tì le. A ò béèrè ẹni mẹ́rin. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan ò ní gun òrùlé láìsí okùn ààbò lára rẹ̀ àti ẹnì kẹta nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn agbowó ló tẹ̀ lé e. Bí oníbàárà tó ń san díẹ̀díẹ̀ ò bá san, ilé-iṣẹ́ lè ti àpótí sólà rẹ̀ pa láti ọ́fíìsì. Agbowó ò ní agbára yẹn. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ò rí tà ní 2020, orí kọmíṣọ̀n agbowó ni wọ́n gbé gbèsè wọn kà, ibẹ̀ náà ló sì wà dòní. Kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n sì dá èyí tí wọ́n ti yọ padà fún oníǹkan.

Lórí iṣẹ́ àgbàṣe, ẹnu wa ò kọ́kọ́ kò. Àwọn ọ̀dọ́ kan sọ pé owó orí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dùn mọ́ àwọn ju owó oṣù lọ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Àwọn àgbà bi wọ́n pé ta ló máa tọ́jú wọn bí wọ́n bá dá lẹ́sẹ̀. Òfin ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń san fún òṣìṣẹ́ sí àpò àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF nítorí irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kó san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ san mẹ́jọ. Ẹni tí wọ́n sọ di alágbàṣe láàárín òru ti pàdánù méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ilé-iṣẹ́ ló ṣì ń wọ̀, ọ̀gá kan náà ló sì ń rán an níṣẹ́. A gbà pé kí ẹni tó bá fẹ́ àgbàṣe ṣe é, àmọ́ kí ilé-iṣẹ́ san owó ìjàm̀bá lórí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ti àwọn tó jẹ́ òṣìṣẹ́ gan-an, òfin iṣẹ́ ti sọ pé kí ìwé àdéhùn tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ láàárín oṣù mẹ́ta.

A tún fẹnu kò pé kí iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa lẹ́yìn agogo méje alẹ́ dúró di àárọ̀, àyàfi tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn niná ti kú.

Lẹ́tà ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn alákòóso. Wọ́n ní ọjọ́ 21 láti pè wá sí ìjókòó. Títí di ìgbà náà, iṣẹ́ ń lọ, àyàfi iṣẹ́ òrùlé tí kò bá ní okùn ààbò tàbí ẹnì kẹta. Agbowó tó bá ní àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n yọ lọ́wọ́ rẹ̀ láti 2020, kó mú ẹ̀dà rẹ̀ fún akọ̀wé ẹ̀ka rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.

Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ ìpàdé.