Ohun tí a kò wí, tí ó sì ti wà níbẹ̀

Bí mo bá wí pé, "Àjàní pa ewúrẹ́ náà," n kò tún ní láti sọ pé ewúrẹ́ ti kú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Àjàní lọ sí ọjà," ta ni ó sọ fún yín pé ó ra nǹkan bọ̀?

Ìyàtọ̀ yìí ni ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ń dá ẹjọ́ pátẹ́ǹtì, ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan tuntun. Ní 1999, nínú ẹjọ́ Robertson, wọ́n ní pé "ó lè wà nínú ìwé àtijọ́" kò tó. Àfi bí ó bá jẹ́ dandan. Ní 2003, wọ́n fagi lé ohun tí ilé-iṣẹ́ Schering ń bèèrè lórí èròjà kan, nítorí pé ara ẹni tí ó bá gbé oògùn àtijọ́ tí í ṣe loratadine mì ni ó ń ṣe èròjà náà fúnra rẹ̀.

Mo fara mọ́ ìdájọ́ méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a gbé e dé ilé ìtẹ̀wé. Bí ìwé àtijọ́ bá ti ṣàlàyé bí a ṣe ń po íǹkì kan, tí ẹlòmíràn wá wọn bí ó ṣe ki tó, tí ó sì ń bèèrè ẹ̀tọ́ lórí iye náà, kí wọ́n po íǹkì àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí iye náà bá ń jáde ní gbogbo ìgbà, kí ni ẹni yìí hùmọ̀? (Àwọn amòfin kan yóò bínú sí mi.) Bí ó bá jáde lẹ́ẹ̀kan tí kò sì jáde lẹ́ẹ̀kejì, ọjà ni Àjàní lọ, kí adájọ́ má ṣe bá a ra nǹkan.