Ọ̀ràn Omi àti Ìmọ́tótó ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá: Kí Ni Ojúṣe Ìjọ?

Nígbà tí àrùn onígbáméjì, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní kọ́lẹ́rà, bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Etí-Ọ̀sà, Erékùṣù Èkó, Ìkòròdú àti Kọ́sọ́fẹ́ ni ìjọba kọ́kọ́ dárúkọ. Kí oṣù náà tó parí, ó lé ní ogún ènìyàn tí ó ti ṣaláìsí. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé Etí-Ọ̀sà, níbi tí àwọn olówó ń gbé, wà lára àwọn ibi tí a dárúkọ. Èyí fi hàn pé èrò àwọn tí ń pe onígbáméjì ní àrùn òtòṣì kò péye. Àrùn omi ni. Ibikíbi tí ìgbọ̀nsẹ̀ bá ti lè dé inú omi tí a ń mu, ibẹ̀ ni ó lè wọlé sí.

Síbẹ̀, bí ewu náà kò bá mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, ọ̀nà àbáyọ kò pọ̀ lọ́wọ́ tálákà bí ó ti pọ̀ lọ́wọ́ olówó. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí a wo Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá lónìí.

Àpápá ni ọrọ̀ ti ń wọ orílẹ̀-èdè yìí láti ìgbà tí a ti ṣí èbúté ibẹ̀ ní ọdún 1926. Ajégúnlẹ̀ kàngun sí i, orúkọ rẹ̀ sì ń sọ fún wa pé ajé ti gúnlẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 684,105 sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn tí Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ó fi díẹ̀ lé ní kìlómítà méjìlá níbùú lóòró. Bí a bá pín in, ó lé ní 55,000 ènìyàn lórí kìlómítà kan ṣoṣo. Ní Àpápá, tí ilẹ̀ rẹ̀ ju ìlọ́po méjì èyí lọ, 217,362 ni a kà. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ kò bá a gúnlẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ojúlé.

Iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní Èkó kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1910 ni ìjọba amúnisìn ti dáwọ́ lé iṣẹ́ omi ti Ìjù, kí omi lè dé Ìkòyí àti Erékùṣù Èkó. Lẹ́yìn náà ni a kọ́ ti Adíyan, èyí tí a ṣe kí ó lè pèsè 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ìlú ti ń gbòòrò, ọ̀pá omi kò lè bá a sáré. Níbi tí ọ̀pá kò dé, tàbí tí ó dé tí omi kò ṣàn nínú rẹ̀, olúkúlùkù onílé gbẹ́ kànga tirẹ̀, ó sì gbẹ́ ṣalángá tàbí kòtò ìgbẹ́ tirẹ̀ sí àgbàlá kan náà. Ẹni tí kò ní kànga ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́yìn òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n wo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ ìlera gbà pé ó kéré tán, ó yẹ kí mítà 30 wà láàárín kànga àti ihò ìgbẹ́. Púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ní Èkó kì í sábà ju 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Bí onílé kan bá tilẹ̀ gbẹ́ kànga sí iwájú ilé tí ó sì gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ẹ̀yìn pátápátá, kí ni yóò ṣe sí ti aládùúgbò rẹ̀ tí ògiri kan ṣoṣo pààlà sí? Ní ilẹ̀ àbàtà bíi ti Ajégúnlẹ̀, níbi tí omi kò jìn sí ojú ilẹ̀, ọ̀nà ti ṣí láti inú kòtò kan dé inú kànga kejì. Nígbà òjò, tí gọ́tà bá kún àkúnya, kò tilẹ̀ sí ààlà mọ́. Ní abúlé tí ọ̀pọ̀ àwọn baba wa ti wá, òkè odò ni a ti ń pọn omi mímu, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ti ń fọ aṣọ. Nínú àgbàlá Ajégúnlẹ̀, kò sí òkè odò, kò sí ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, bí onílé kan ti wulẹ̀ kí ó ní ìmọ́tótó tó, kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan gba ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Kànga-dẹ̀rọ tí ó jìn sàn ju kànga lásán lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, omi iyọ̀ sì lè wọ inú rẹ̀ nítorí ọ̀sà tí ó wà nítòsí. Ohun tí yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà ni omi ẹ̀rọ láti orísun tí a ń tọ́jú, pẹ̀lú ètò tí yóò máa kó ìgbẹ́ kúrò láàárín àwọn ènìyàn. Èyí kọjá agbára ẹnì kan, iṣẹ́ ìjọba ni.

Ìjọba kò sì ṣàìmọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni omi mímọ́ àti ìmọ́tótó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde ipò pàjáwìrì lórí ọ̀ràn omi àti ìmọ́tótó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ó fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ìyàgbẹ́ sí ìta gbangba dópin ní Nàìjíríà títí ọdún 2025. Àfojúsùn náà kò ṣẹ. Àṣẹ orí ìwé kì í gbẹ́ kànga.

Kí ni ó wá kan ìjọ nínú èyí? Ní ọdún 1854, onígbáméjì pa ohun tí ó lé ní 600 ènìyàn ní àdúgbò Soho ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà John Snow sọ pé omi ẹ̀rọ fífà kan ní òpópónà Broad Street ni ó fà á, a sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀dọ́ àlùfáà kan ní àdúgbò náà, Henry Whitehead, kò gbà á gbọ́. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n léèrè ohun tí wọ́n mu, kí ó lè fi hàn pé dókítà náà ṣìnà. Ohun tí ó rí ni pé òótọ́ ni. Òun ni ó rí ìdílé tí ìyá kan ti da omi ìlédìí ọmọ rẹ̀ tí ń ṣàìsàn sínú kòtò ìdọ̀tí tí kò jìnnà tó mítà kan sí kànga náà. Dókítà ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n àlùfáà ni àwọn ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn fún.

Ilẹ̀kùn yẹn ṣí sílẹ̀ fún àwa náà. Àwọn àgbà nínú wa rántí wolé-wolé tí ó máa ń ṣí àmù wò bóyá tànwíjì wà nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù ni a fi ń gbà á. A kì í fi ìbẹ̀rù gba àlùfáà àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan tí ó ní kànga-dẹ̀rọ mú omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí ó sì na ẹ̀rọ kan sí ìta ọgbà fún àdúgbò. Kí omi àti ọṣẹ wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìjọ. Kí a kọ́ gbogbo ìdílé ní àpòpọ̀ tí ń gba ẹ̀mí ẹni tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru là: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, tí a gé ojú wọn dọ́gba, kí a máa fún un mu bí a ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

Ẹlòmíràn lè wí pé bí ìjọ bá ń ṣe èyí, ìjọba yóò sùn. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ tí a nà síta má ṣe pa ẹnu wa mọ́. Kí àwọn àlùfáà àti àwọn onílé jọ kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀ àti Iléeṣẹ́ Omi Ìpínlẹ̀ Èkó, kí wọn béèrè ìgbà tí omi yóò dé òpópónà wọn, kí wọn sì padà lọ béèrè bí ìdáhùn kò bá wá. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.