Ẹ Má Ṣe Da Omi Àgbàdo Nù

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ṣe ògì ní Festac àti ní gbogbo Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, àti ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Bí a bá rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, omi rẹ̀ a kan. Inú gọ́tà ni ọ̀pọ̀ ń dà á sí. Èmi kò gbà pé ó tọ́. Èròjà tí ń mú ara dàgbà dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn. Amino acid ni ìlẹ̀kẹ̀ náà. Bí àgbàdo ti ń kan, okùn a já níbòmíràn, ìlẹ̀kẹ̀ a sì bọ́ sínú omi. Lysine wà lára wọn, èyí tí kò tó nínú àgbàdo tẹ́lẹ̀, tí àwọn olùsìn adìẹ sì ń fowó rà. Kò pọ̀ nínú garawa kan, ṣùgbọ́n àgbá mélòó ni à ń dà nù lọ́dún?

Ní 1941, ní Peoria ní Amẹ́ríkà, irú omi yìí ni àwọn onímọ̀ fi bọ́ ohun tí a ń rí penicillin lára rẹ̀, oògùn náà sì pọ̀ sí i gidigidi. Àwọn ìyá wa pàápàá kì í fi omidùn ṣòfò: wọ́n ń fi í rẹ àgbo.

Asẹ́ ògì kò lè mú amino acid, nítorí ó kéré jù. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ a fi èròjà kan tí ó jọ ọṣẹ sínú omi. Bí ó bá pọ̀ tó, a ṣù jọ ní wóró wóró tí ojú kò lè rí, lysine a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Wọn a fi agbára ti omi gba inú asẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Omi a kọjá, ìṣù a dúró. Lẹ́yìn náà, wọn a yí bí omi ṣe kan tó padà, kí lysine lè tú kúrò lára ìṣù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu ọṣẹ sínú omi àgbàdo nílé o! Ọṣẹ kì í ṣe oúnjẹ ẹran. Iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ti ilé àyẹ̀wò ni èyí. Ní tèmi, ó yẹ kí àwọn ológì kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n sì gbé omi wọn lọ fún àyẹ̀wò ní FIIRO, ilé ìwádìí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Òṣòdì ní 1956. Àwọn ni wọ́n fi ẹ̀wà sóyà kún ògì kí ó lè ṣe ara lóore. Ó dára, ṣùgbọ́n agbè tí ń jò, a kì í kàn máa bu omi kún un, dídí ni à ń dí i.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ fi ìwọ̀nba omi rẹ àgbàdo. Ẹ fi èyí tí ó kan dáadáa, tí kò rùn, po èèrí fún ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbàdo bá ti bu, ẹ má ṣe fún ẹran ní omi rẹ̀.