Ta ló kọ́ olùkọ́ àwọn dókítà bí a ṣe ń kọ́ni?

Sí Olóòtú,

Nínú àtẹ̀jáde yín tó kọjá, òǹkọ̀wé kan yin ìjọba pé ó ń fi kún iye àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn, ó sì ti ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́ pé àṣejù ni bí àwọn kan ṣe ń pariwo pé kí wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ ìṣègùn ní iṣẹ́ tíṣà. Lójú tirẹ̀, dókítà tó bá ti gbóná nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ti tó olùkọ́ nìyẹn. Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ náà kò burú. Apá kejì ni kò yẹ kó kọjá láìjẹ́ pé ẹnì kan fèsì.

Lóòótọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀, wọ́n sì ń bọ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ní 2024, Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde pé àyè tó wà fún àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn iṣẹ́ ìlera yòókù lọ́dún kan ti kúrò ní 28,000, ó ti di 64,000. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba àpapọ̀ ya 110 bílíọ̀nù náírà sọ́tọ̀ láti àpò TETFund tó wà fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn 18, mẹ́ta-mẹ́ta ní ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́. Mínísítà kan náà ló sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti ré òkun lọ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé owó tí Nàìjíríà ń ná lórí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lé ní 21,000 dọ́là. Bí àwọn aláṣẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa àtúnṣe yìí, ilé, ẹ̀rọ àti ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń kún ẹnu wọn. Ẹni tí yóò dúró níwájú àwọn ọmọ náà kì í sábà jẹyọ, àfi tí wọ́n bá ń ka iye tó ṣẹ́ kù.

Ẹ wo bí ìlànà ilẹ̀ wa ṣe rí. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní A, B, D gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí NCE, ó kéré tán. Ẹni tó gba dìgírì nínú kẹ́mísírì tó fẹ́ máa kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, àjọ TRCN tí òfin 1993 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀ yóò ní kó lọ gba ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni PGDE. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n bí yunifásítì bá gba dókítà tàbí apòògùn ní olùkọ́, kò sí ìwé ìkọ́ni tí òfin sọ ọ́ di dandan fún un. Ó lè gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé kó sì dúró níwájú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ohun tó ń tìdí rẹ̀ yọ kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó bá ti wọ wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ńlá rí. Kọnsọ́tánǹtì dúró ti bẹ́ẹ̀dì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọ̀gbà yí i ká. Àwọn tó wà níwájú ń rí ikùn aláìsàn. Àwọn tó wà lẹ́yìn, ìpàkọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń wò. Ọ̀gá bi ọ̀kan nínú wọn ní ìbéèrè, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, ọ̀gá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ìdáhùn ìbéèrè náà kò tẹnu ẹnikẹ́ni jáde. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ yẹn mú lọ sílé ni pé bí ọ̀gá bá ti ń bọ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni kí òun máa dúró sí.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ wà, àwọn kan ti jókòó rò ó. Ẹ jẹ́ ká mú gígún abẹ́rẹ́ sójú iṣan láti fa omi sí aláìsàn lára. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Peyton pín bí a ṣe ń kọ́ irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sí ìpele mẹ́rin. Olùkọ́ á kọ́kọ́ ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é lójoojúmọ́, láìsọ̀rọ̀ rárá. Lẹ́yìn náà á tún un ṣe, díẹ̀díẹ̀, á máa ṣàlàyé ìdí tó fi so ọwọ́ aláìsàn, ìdí tó fi tẹ abẹ́rẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ohun tó ń wò kó tó mọ̀ pé ó ti wọ iṣan. Ní ìpele kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa pàṣẹ, olùkọ́ á sì máa ṣe ohun tó bá ní kó ṣe. Ìgbà tí èyí bá parí ni akẹ́kọ̀ọ́ á tó mú abẹ́rẹ́ dání fúnra rẹ̀, á sì máa sọ ohun tó ń ṣe bó ṣe ń ṣe é. Ìpele kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń fò, òun gan-an sì ni olùkọ́ fi ń rí àṣìṣe tó wà lórí ọmọ kí àṣìṣe náà tó dé ara aláìsàn. Kò gba owó, kò gba iná mànàmáná. Kéèyàn ṣáà ti mọ̀ ọ́n ni.

Bákan náà ni ìdánwò. Ní 1975, Ronald Harden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dundee, nílẹ̀ Scotland, gbé ìdánwò OSCE jáde: akẹ́kọ̀ọ́ á máa ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, á ṣe iṣẹ́ kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, olùdánwò á sì máa fi máàkì sí ìwé kan náà fún gbogbo wọn, kó má bàa jẹ́ pé ọmọ tí ojú rẹ̀ wu ọ̀gá nìkan ló ń yege. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kọ ìwé máàkì náà, tàbí bí a ṣe ń gbé ìbéèrè A sí E kalẹ̀, iṣẹ́ tó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó já fáfá mọ̀ pé nínú ìbéèrè tí wọ́n kánjú kọ, ìdáhùn tó gùn jù ló sábà máa ń tọ̀nà, torí òun nìkan ni olùkọ́ fara balẹ̀ tò. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gba máàkì láìmọ ohunkóhun nípa ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn kan á ní, àwọn tó kọ́ àwọn àgbà dókítà wa ńkọ́? Ta ló kọ́ wọn ní iṣẹ́ tíṣà? Ìbéèrè náà tọ́. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìṣègùn ní 1948, ilé ìwòsàn UCH ṣí ní 1957, àwọn tó sì jáde níbẹ̀ gbayì káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n kíláàsì ìgbà náà kéré débi pé olùkọ́ mọ orúkọ oníkálukú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn àgbà yẹn náà rò ó jinlẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ kọ́ni. Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn gbé ètò Ìbàràpá kalẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń lọ gbé ní Igbó-Ọrà, kí wọ́n rí àìsàn níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú ilé àti lóko. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Ìlọrin náà ní COBES, tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìgbèríko. Àwọn ètò wọ̀nyí kò ṣàdédé hù. Mímọ iṣẹ́ ṣe yàtọ̀ sí mímọ bí a ṣe ń kọ́ ẹlòmíràn: awakọ̀ lè ti fi ogún ọdún wa ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Kano láìfarapa. Bí wọ́n bá fi ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ jókòó sídìí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo ló máa ń pa jù.

Ìjà tó ń lọ lórí oyè ọ̀mọ̀wé tún ń gbé ojú wa kúrò lára kókó. Àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ń tẹnu mọ́ ọn pé olùkọ́ yunifásítì gbọ́dọ̀ ní PhD. MDCAN, ẹgbẹ́ àwọn kọnsọ́tánǹtì, ní fẹ́lóṣíìpù àwọn ti tó. Bí wọ́n bá jà á títí di ọdún tó ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò jèrè púpọ̀ níbẹ̀. Ìwádìí ni PhD ń kọ́ ènìyàn, ìtọ́jú aláìsàn ni fẹ́lóṣíìpù ń kọ́ ọ. Kò sí èyí tó jẹ́ pé bí a ṣe ń kọ́ni ni olórí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí ńkọ́? Yvonne Steinert àti ikọ̀ rẹ̀ kó ìwádìí 53 jọ ní 2006 lórí ètò tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn olùkọ́ ìṣègùn. Wọ́n rí i pé ìmọ̀ àwọn olùkọ́ náà pọ̀ sí i, bí wọ́n ṣe ń kọ́ni sì yí padà. Ká sòótọ́, díẹ̀ nínú ìwádìí náà ló wo ipa rẹ̀ lára akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó fẹ́ mọ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ lè wo èyí tí Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2014: wọ́n kó ìwádìí 225 jọ láti kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò, wọ́n sì rí i pé níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, ìfìdírẹmi akẹ́kọ̀ọ́ tó ìlọ́po 1.5 ti ibi tí àwọn ọmọ ti ń dá sí i. Iṣẹ́ Steinert tún fi hàn pé ẹ̀kọ́ tó bá gùn, tí olùkọ́ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é tí wọ́n sì ń sọ ibi tó kù sí fún un, ló ń mú èso wá. Sẹminá ọjọ́ kan tó ń parí sórí ìrẹsì àti ìwé ẹ̀rí kò sí lára rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Láti ìparí oṣù keje 2016, àjọ GMC tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà níbẹ̀ ti sọ ọ́ di dandan pé ẹni tí wọ́n bá yàn láti máa bójú tó dókítà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun tó iṣẹ́ náà ṣe. Ọmọ wa tó ti kọ́ni níbí láìsí ẹni tó bi í léèrè, bó bá dé ọ̀hún, wọ́n á bi í.

Owó òkèèrè pàápàá ti dé ọ̀dọ̀ wa rí fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ní 2010, Amẹ́ríkà fi 130 mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀ fún ọdún márùn-ún nínú ètò MEPI, fún ilé ẹ̀kọ́ 13 ní orílẹ̀-èdè 12 nílẹ̀ Áfíríkà, Ìbàdàn sì wà lára wọn. Nígbà tí ọdún pé, owó náà dá. Ohun tó bá fẹ́ wà pẹ́, inú ìlànà tiwa ni kó ti máa jẹun.

Kíkọ́ àwọn olùkọ́ ìṣègùn bí a ṣe ń kọ́ni kò sì nílò òfin tuntun. MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, ti ń béèrè ẹ̀rí ẹ̀kọ́ àfikún lọ́wọ́ dókítà kó tó tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Kí wọ́n sọ ọ́ di dandan pé apá kan ẹ̀kọ́ náà, fún àwọn tó ń kọ́ni ní yunifásítì, gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí ìkọ́ni àti ìdánwò. Kí àwọn yunifásítì fi bí ènìyàn ṣe ń kọ́ni sínú ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbé e ga, kì í ṣe iye ìwé tó tẹ̀ jáde nìkan. Kí díẹ̀ nínú 110 bílíọ̀nù yẹn lọ sórí ẹ̀ka tí yóò máa kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ṣe ń kọ́ni nínú ilé ẹ̀kọ́ 18 náà, kí olùkọ́ sì ní wákàtí tó ṣe gúnmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ tí aláìsàn kò ní máa dúró dè é. Tí àwọn aṣojú MDCN àti NUC bá tún lọ yẹ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wò, tí wọ́n ti ka bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ti ka olùkọ́, kí wọ́n wọ kíláàsì kan, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbẹ̀ fún odidi wákàtí kan, kí èyí náà sì ní máàkì tirẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń kọ lọ sí Àbújá.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn